Ohun Tí Ó Kẹ́yìn Wọ Ẹnu Rẹ̀

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní Manigri ni wọ́n fi ẹ̀sùn ohun tí n kò ṣe kàn mí, tìtorí rẹ̀ ni mo sì ṣe fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá sọ èdè ilé dípò Faransé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi ìkarahun ìgbín kọ́ lọ́rùn. Sìnyáàlì ni a ń pè é. Bí ó bá ti wà lọ́rùn rẹ, iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa ṣọ́ àwọn yòókù títí ẹnì kan yóò fi gbàgbé ara rẹ̀ tí yóò sọ èdè ìyá rẹ̀, kí o lè bọ́ ọ sí i lọ́rùn. Ẹni tí ó bá gbé e sùn mọ́jú ni ó ń jẹ pàṣán láàárọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọrùn mi ni ó wà, gbogbo kíláàsì sì rí i. Nígbà tí a jáde, èmi àti Amidou dúró gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, àwa méjì péré. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá kùkùté, ó sì ké pe ìyá rẹ̀ ní èdè wa. Mo bọ́ ìkarahun náà sí i lọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ béèrè sìnyáàlì, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní mo ti fún Amidou. Olùkọ́ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Amidou kò wo ojú mi, pátákó ni ó ń wò. Ó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun.

Olùkọ́ nà mí, ó ní kí n lọ mú ìkarahun náà wá tàbí kí n mú bàbá mi wá. N kò mú èyíkéyìí wá nínú méjèèjì. Mo ní n kò ní tẹ ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ títí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà yóò fi sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá mi ní iṣu láti gbìn lọ́dún náà, kò sì bẹ̀ mí. Ó gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní ebè kì í béèrè sìnyáàlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, olùkọ́ tuntun náà ránṣẹ́. Mo bi ẹni tí ó wá jíṣẹ́ bóyá Amidou ti sọ ọ́. Ó ní kí ni kí ó sọ. Mo padà sídìí ebè mi.

Ó di ogójì ọdún. N kò sọ pé ebi pa mí nínú rẹ̀. Mo ní oko kajú, mo ní iṣu, mo bímọ. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé. Kò-gbàgbé ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Amidou kàwé ní Bassila, ó kà á lọ sí ìlú ńlá, a gbọ́ pé ó di dókítà tí ń kun àwọn ọmọdé lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, pé ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, mo fi iṣu ránṣẹ́, n kò lọ. Bí ó bá wá sílé fún Iléyá, èmi a kọrí sí oko. Ìyàwó mi a ní òun kò mọ irú iṣu tí ń ta lọ́jọ́ Iléyá.

Ọmọ Assana, ọmọbìnrin mi, ni ó mú mi padà dé iwájú rẹ̀. Bassirath ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyàwó mi ń yan kajú lẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó bá mọ kajú mọ̀ pé bí èèpo rẹ̀ bá gbiná, epo rẹ̀ a máa ta bí ejò. Ọmọ náà sáré wá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé orí àwo tí a fi ń yan án. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ká wọ àtẹ́lẹwọ́, awọ sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń jẹun. Àwọn ọmọ àdúgbò kì í bá a tọwọ́ bọ àwo kan náà. Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí, ó sì yẹ kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ bí òjò bá ti ń lọ sópin. Mo máa ń wo ọwọ́ náà, mo ń bi ara mi léèrè báwo ni yóò ṣe di bíìkì ìkọ̀wé mú. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde nílé ẹ̀kọ́, n kò fẹ́ kí ọwọ́ lé òun jáde.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n kéde ní mọ́sálásí pé àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn ńlá náà ń bọ̀ ní Bassila fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọdé, wọn yóò sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbègbè wa bí a ṣe ń kun ọmọdé lóorun àti bí a ṣe ń jí i. Assana lọ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni àwọn dókítà yóò padà, wọn kò sì sọ ọdún tí wọn yóò tún wá.

Wọ́n kìlọ̀ fún Assana pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun mọ́. Assana pa á mọ́. Ó tilẹ̀ gbé ìkòkò ògì pamọ́ sórí àjà.

Èmi ní tèmi ti lọ rí àlùfáà wa. Ó kọ àyọkà sí ojú wàláà, ó fi omi àti oyin fọ̀ ọ́ sínú ìgò kékeré kan. Ní Manigri, kò sí ẹni tí ń pe omi wàláà ní oúnjẹ. Àdúrà ni. A kì í ka omi òjò tí ó ta sí ni lẹ́nu mọ́ omi mímu, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka omi wàláà mọ́ oúnjẹ. Àlùfáà ní kí ó jẹ́ ohun tí yóò kẹ́yìn gba ọ̀fun ọmọ náà kọjá kí ọ̀bẹ tó kàn án. Nítorí náà, n kò fún un nílé. A gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, dé Bassila ní ìdájí, a jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Nígbà tí Assana lọ dáhùn orúkọ, mo da omi náà sínú ife, ó kún. Ó dúdú nítorí tàdáwà tí àlùfáà fi kọ àyọkà náà. Bassirath mu ún tán, ó lá ètè rẹ̀. Mo fi etí agbádá mi nù ún lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí wọ́n pe gbogbo òbí jọ. Ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè wa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ nínú rédíò, èyí tí a ń sọ ní Manigri gan-an. Irun rẹ̀ ti funfun. Kí n tó rí ojú rẹ̀ dáadáa, mo ti mọ̀ pé Amidou ni. Mo fa fìlà mi wálẹ̀.

Ó ṣàlàyé ìdí tí ikùn fi gbọ́dọ̀ ṣófo. Ó ní oríta kan wà nínú ọ̀fun, ọ̀nà kan lọ sí ikùn, èkejì lọ sí ibi èémí. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró níbẹ̀. Òun ni ó ń mú wa húkọ́ bí omi bá ṣì ọ̀nà. Bí àwọn bá fún ọmọ ní oorun tàwọn, kì í ṣe bí oorun ilé. Ẹ̀ṣọ́ náà á sùn pẹ̀lú rẹ̀. Bí nǹkan kan bá wà nínú ikùn, ó lè padà gòkè, kí ó sì gba ọ̀nà èémí lọ, kò ní sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ó ní èémí tí ọmọdé fi pamọ́ kéré, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan láti Doguè, Chérif, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá nítorí ìpákè, ní ọmọ tòun lágídí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀ kò ní gbà láti sùn. Amidou ní, "Bí ó bá jọ bàbá rẹ̀, bàbá ni a ó kọ́kọ́ kùn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó rántí ẹni tí ó pa ẹ̀fẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn mi lọ sí ife omi wàláà náà. Mo ń wo Bassirath. Ó ń fi ọwọ́ òsì fa ilà sórí ilẹ̀.

Amidou yípadà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe béèrè. Faransé ni ó sọ, ṣùgbọ́n kíláàsì karùn-ún tó mi gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe bi òbí bóyá ọmọ jẹun, nítorí òbí a máa dáhùn pé rárá. Kí wọ́n béèrè pé kí ni ó kẹ́yìn wọ ẹnu ọmọ, nígbà wo, ọwọ́ ta ni ó sì ti wá. Kí wọ́n má ṣe bi ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n bi gbogbo ẹni tí ó bá ọmọ wá. Ọ̀kan nínú wọn, Balkissou, ọmọ Bassila, béèrè inú ìwé tí ó ti rí èyí. Amidou ní kò sí nínú ìwé, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Balkissou yìí ni ó wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Anii ni èdè ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tiwa nínú ọjà. Assana ní ògì alẹ́ àná ni ó kẹ́yìn. Ó kọ ọ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ó kẹ́yìn ti ọwọ́ yín wọ ẹnu rẹ̀?"

"N kò fún un ní oúnjẹ," ni mo wí.

Ó kọ ìyẹn náà, ó sì lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò yọ orúkọ ọmọ kúrò, Jímọ̀ yóò dé, àwọn dókítà yóò lọ, ìka mẹ́ta náà yóò sì wà ní kíká. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn, ó sì dùn ún rò nítorí ìfẹ́ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Amidou ni yóò gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti gbé ẹ̀bi rẹ̀ fún ogójì ọdún, èmi ni yóò wá dúró níwájú rẹ̀ bí ẹlẹ́bi. Mo ní Ọlọ́run kò ní fìyà jẹ ọmọ nítorí àdúrà. Mo ní omi lásán ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ara mi, kò sì sí èyí tí ó wọlé.

Wọ́n pe Bassirath. Wọ́n gba Assana láyè kí ó gbé e wọlé, kí ó sì dúró tì í títí oorun yóò fi mú un. Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi aṣọ títa dí ẹnu ọ̀nà náà, ó sì ṣí díẹ̀. Mo rí Balkissou tí ó ń fi èèpo ọsàn ra inú ìbomú kékeré kan, kí òórùn oògùn má bàa lé ọmọ sá. Ó ń sọ fún un pé wọn yóò jọ fẹ́ iná àdògán. Bassirath ń rẹ́rìn-ín. Amidou dúró lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó káwọ́ gbera, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó jẹ́ kí ó máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Bí ó ṣe dúró náà ni mo rí i. Kò wo ènìyàn, ọmọ náà nìkan ni ó ń wò, bí ó ti wo pátákó lọ́jọ́ náà. Mo wá rántí bí mo ti jókòó ní kíláàsì tí mo ń retí pé kí ẹnu ẹnì kan là, kí ó kàn là. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́. Gbólóhùn náà ni ó wà lẹ́nu èmi báyìí.

Mo ṣí aṣọ náà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má wọlé.

"Amidou," ni mo wí. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti pe orúkọ náà kẹ́yìn. "Ọmọ yìí mu omi wàláà láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo fún un."

Ìbomú náà ti sún mọ́ imú ọmọ. Balkissou gbé e kúrò. Amidou kò pariwo. Ó bi mí bóyá ìgbà tí oòrùn yọ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní lẹ́yìn rẹ̀, ní abẹ́ igi tí ó wà níta. Ó bi mí bí ó ti pọ̀ tó. Mo ní ife kan. Ó bi mí bóyá oyin wà nínú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo agogo ara ògiri, ó ní kí wọ́n gbé Bassirath jáde, kí wọ́n gbé ọmọ tí ó kàn wọlé, kí wọ́n kọ orúkọ Bassirath sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí iná mànàmáná kò bá lọ, òun ni yóò kẹ́yìn lónìí.

Assana gbé ọmọ rẹ̀ kọjá lára mi. Ó dúró.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ níta, Bàbá," ó wí. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì jókòó."

Chérif ni wọ́n pè láti rọ́pò wa. Bí ó ti ń gbé ọmọ rẹ̀ kọjá, ó ní, "Manigri, mo dúpẹ́. Omi yín ti gbé wa ṣáájú." Ó fi ṣe àwàdà kí ọ̀rọ̀ náà má bàa wúwo jù. Mo mọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Balkissou tẹ̀lé Amidou jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún Amidou pé òun ni òun ṣe àṣìṣe. Ó ní òun béèrè ohun tí ó wọ ẹnu, wọ́n sì dá òun lóhùn nípa oúnjẹ, òun sì kọ ọ́ bí ìdáhùn. Mo rò pé yóò bá a wí. Amidou ní kí ó kọ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sínú kàyé rẹ̀, òun kò ní ẹ̀kọ́ tí ó ju ìyẹn lọ láti kọ́ ọ lónìí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì ṣe jágbe mọ́ bàbá yẹn, nítorí àwọn yòókù tí ó jókòó níta ń wò, bí wọ́n bá rí i pé ẹni tí ó sọ òtítọ́ jẹ ìyà, àwọn náà á gbé tiwọn mì.

A jókòó títí oòrùn fi rọ̀. Assana kọ ẹ̀yìn sí mi. Omi ń gbẹ Bassirath lọ́fun, ó sunkún títí oorun ilé fi mú un lórí ẹsẹ̀ mi. Ìka mẹ́ta náà wà lórí orúnkún mi, mo kà wọ́n bí ẹni pé wọ́n lè dín.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e wọlé. Balkissou ni Amidou tún fà á lé lọ́wọ́. Ó tún fi èèpo ọsàn tuntun ra inú ìbomú. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó lé mi. Ọmọ náà fẹ́ iná àdògán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sùn. Assana jáde wá, ó jókòó tì mí.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun, pákó pẹlẹbẹ kan sì na àwọn ìka rẹ̀ sílẹ̀ tọ́ọ́tọ́ọ́. Balkissou jókòó lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó tẹ́ etí sí èémí rẹ̀, kò sì dìde títí Bassirath fi la ojú. Ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni omi dúdú olóyin náà. Assana wò mí, ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó ní, "Ẹ ti rí ohun tí ẹ dá sílẹ̀."

Amidou jáde nígbà tí iṣẹ́ tán. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo rò pé yóò kọjá. Àga onípákó tí mo wà ni ó jókòó sí, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Ó ní òun ti rí orúkọ mi lára ìwé ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé, òun sì ti rí fìlà tí mo fà wálẹ̀ láàárọ̀. Mo ní ojú rẹ̀ ṣì mú. Ó ní kò mú tó bẹ́ẹ̀, ọdún mélòó kan ni òun ti fi ń wo ẹ̀yìn mi lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ Iléyá.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ó pe Balkissou àti àwọn yòókù kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀, ó sì dá a dúró, ó padà sí èdè wa, ó ní kí Balkissou túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́.

"O bi mí láàárọ̀ ibi tí mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn," ó wí fún Balkissou. "Ní Manigri ni, ní kíláàsì karùn-ún. Wọ́n bi mí ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dáhùn, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọn kò tún béèrè mọ́."

Balkissou ń túmọ̀. Amidou dúró dè é títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí mi, kì í ṣe sí ògiri, kì í ṣe sí ilẹ̀.

"Idrissou, o fún mi ní sìnyáàlì lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ sínú kànga ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé mo bẹ̀rù pàṣán. Nígbà tí wọ́n ń nà ọ́, mo mọ ibi tí ó wà. Èmi ni mo ṣe é."